Kì í Ṣe Ọwọ́ Yasna

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá ẹ̀rọ wa, ìjẹ́wọ́ kan ti wà lórí tábìlì yín láti Ọjọ́bọ̀. Ojú ìwé kan péré ni. Nọ́ọ̀sì ló bá Yasna Colque kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Yasna sì tẹ àtàǹpàkò òsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di bírò mú mọ́. Ó sọ níbẹ̀ pé òun lòun ba ẹ̀rọ jẹ́, pé ọwọ́ òun kò fìgbà kan dára fún iṣẹ́ yìí, pé kí ẹ má ṣe bá ẹlòmíì wí. Irọ́ ni. Kì í ṣe pé ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Èmi ni mo fi irọ́ náà sí i lórí, tí mo sì ń bomi rin ín láti ọdún tó kọjá. Orúkọ mi ni Edelmira Ossandón, èmi ni olórí yàrá ìwádìí tí àwọn ewé yẹn ti jáde. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, ní Ọjọ́ Ajé ẹ ó fi ìka tí ọmọ yẹn tẹ̀ dá a lẹ́bi, èmi á sì jókòó síbẹ̀, màá máa mi orí bí àgbàlagbà gidi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí lọ́yà méjì wà láàárín yín. Nínú òkè tí wọ́n ti ń wa bàbà lẹ́yìn ìlú wa yìí ni mólíbídẹ́nọ̀mù ti ń jáde, eruku dúdú kan báyìí. Tí a bá pò ó pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ bó ṣe yẹ, ó máa ń tò ní ìpele ìpele bí ojú ìwé, ìpele kan kò sì nípọn ju átọ́ọ̀mù mẹ́ta lọ. Ewé la ń pè é. Iṣẹ́ wa ni pé ká yọ átọ́ọ̀mù imí-ọjọ́ kan níhìn-ín, ká fi ti kóbáàtì dí àyè rẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ewé náà á fi lè gba iná mànàmáná díẹ̀ kó sì tú háídírójìn jáde lára omi. Pílátínọ̀mù mọ̀ ọ́n ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n bí ojú. Gbogbo ayé ló ń wá ewé tó máa rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá a lálàá.

Àwa mẹ́ta la wà nídìí rẹ̀. Yasna jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọmọ Toconao ni, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé kí ó tó mu omi. Don Baldo ló ń fi iná mọ gíláàsì wa, òun ló ń ṣe gbogbo ìgò tí a fi ń dán ewé wò, ó sì dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń pè mí tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kẹta ni èmi tí mo ní ọwọ́ sístà. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá ń dùn, a ní ó ní ọwọ́ sístà, bíi ti àwọn sístà ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í ba ìkòkò jẹ́. A gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ilé ìdáná wọ yàrá ìwádìí, ibẹ̀ ló ti bà wá jẹ́. Tí iṣẹ́ kan bá kọ̀ láti jáde lẹ́ẹ̀kejì, a kì í béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Ọwọ́ ta ni? Ìyẹn la máa ń béèrè. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi dùn, mo sì gbà wọ́n gbọ́, èmi òmùgọ̀.

Nínú ìgò tí a ti ń dán ewé wò, iná máa ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ewé ni ẹsẹ̀ kan. Èkejì lè jẹ́ ọ̀pá èédú, ó sì lè jẹ́ wáyà pílátínọ̀mù. Ẹni tó bá fi wáyà yẹn sínú ásíìdì ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè: díẹ̀díẹ̀ ni pílátínọ̀mù á máa yọ́, á wẹ̀ kọjá, á lọ lẹ̀ mọ́ ara ewé níbi tí ojú kò ti lè rí i. Onítọ̀hún á máa pariwo pé ewé òun ń ṣiṣẹ́, kò ní mọ̀ pé pílátínọ̀mù ló ń ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bá wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ọ̀pá èédú wa tó kù kán. Don Baldo ní, “Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, wáyà àtijọ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi o. Ṣé kí n fi sí i, àbí kẹ́ ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ láti Santiago?” Mo ní kó fi sí i. Ìkánjú lásán ni, mi ò tíì ní ohun búburú lọ́kàn. Ewé náà hó yàà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó hó lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sunkún, Don Baldo jó. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, wọ́n gbé e jáde, àwọn oníròyìn Santiago wá ya fọ́tò mi pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Nínú fọ́tò yẹn, tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí wáyà náà tó ń dán.

Oṣù Kẹfà ni Yasna wá bá mi ní àkókò tíì ìrọ̀lẹ́, mo ti fi píà kun búrẹ́dì, mo ń jẹun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ewé wa ya ọ̀lẹ.” Mo ní, “Ọ̀lẹ báwo?” Ó ní, “Mo fi ọ̀pá èédú tuntun dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kò hó. Ó kàn ń wò mí ni.” Don Baldo rẹ́rìn-ín láti ìdí iná rẹ̀: “Bóyá o ò kí i káàárọ̀.” Ọmọ náà dáhùn pé, “Mo kí i, Don Baldo. Kò jẹ́ mi.” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ní ọ̀pá èédú báyìí ni mo mọ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí búrẹ́dì ẹnu mi tó wọ ọ̀fun. Ọ̀nà wà fún mi nígbà náà. Ìwé kúkúrú kan sí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà jáde, ìtìjú fún oṣù méjì, ó parí. Dípò ìyẹn mo gbójú sókè, mo sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbé gbogbo wa dé ibí: “Ọwọ́ rẹ ni.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ló gbé e sókè wò ó. Ó ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Màá tún un ṣe.” Ó sì ń tún un ṣe fún odindi oṣù kan, ìyẹn ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tọ̀nà láti ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà náà ni wọ́n wá fẹ́ fi ewé wa ṣe ẹ̀rọ tó ń tú háídírójìn jáde láti fi ṣe iná fún ìletò àwọn apẹja kan ní etí òkun, Caleta Huiro Seco, kí ilé yìnyín wọn lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Àlejò mẹ́ta lára àwọn tó fẹ́ ṣe é wá láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú pé ọ̀pá èédú nìkan làwọn fẹ́ rí nínú ìgò. Àwọn náà mọṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni mi ò lè jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, tí Yasna lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfúrufú, mo ti ewé kan bọ inú ásíìdì pẹ̀lú wáyà náà, mo sì tan iná sí i fún wákàtí kan gbáko. Mo ní kí Don Baldo bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ṣọ́ ọ. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, “Ẹ̀ṣẹ̀ lèyí o, Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n.” Mo ní, “Ẹ ṣáà máa wo ìta.” Nígbà tí mo yọ ewé náà jáde, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀ lójú. Ó dúdú bó ṣe wà. Mo fi omi ṣàn án, mo tò ó ti èyí tí Yasna ti ṣe sílẹ̀.

Mo lè dán ewé tèmi nìkan wò fún wọn. Ìyẹn ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Yasna ń bà mí ju ẹ̀rù àwọn àlejò lọ, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá bi í, òtítọ́ ló máa sọ. Nítorí náà mo pè é síwájú gbogbo wọn. Mo ní kó fi ewé tirẹ̀ sínú ìgò. Kò hó. Mo ní kó yọ ọ́, mo fi tèmi sí i, ọ̀pá èédú kan náà, ásíìdì kan náà. Ó hó bí ìkòkò tó gbóná. Mo yíjú sí àwọn àlejò, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, “Ẹ wò ó fúnra yín. Ewé kan náà, ọwọ́ méjì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ gbá Yasna léjìká pé kó má bínú, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ọwọ́ sístà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kò bínú sí mi. Ó wá dì mọ́ mi, ó ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ mú sùúrù fún mi gan-an.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè dì mọ́ ọn padà.

Ọgọ́ta ewé ńlá ló wọ inú ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo rì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ásíìdì pẹ̀lú wáyà, kí wọ́n lè yege ìdánwò ìkẹyìn. Mo mọ̀ pé pílátínọ̀mù tín-ín-rín yẹn kò ní pẹ́ tó fi máa kú sórí wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé kí ó tó di ìgbà yẹn, màá ti rí ewé gidi. Ní oṣù Kejìlá, Yasna kọ̀wé sí mi lórí fóònù: “Tíṣà, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa mójú tó ẹ̀rọ yẹn ní caleta àwọn apẹja. Mi ò ní fọwọ́ kan ewé o. Màá kàn máa wo nọ́ńbà.” Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi gbà á. Mo rò pé mò ń ṣoore. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: mo mú ọmọ tí mo parọ́ mọ́, mo fi í ṣọ́ irọ́ ọ̀hún.

Láràárọ̀ ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, iná tí ewé kọ̀ọ̀kan ń gbà kò tó fóòtì méjì. Lẹ́yìn náà ó di méjì. Ó kọjá méjì. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń gòkè ni oúnjẹ ń kúrò lẹ́nu mi. Láàárín gáàsì méjèèjì tó ń jáde nínú ẹ̀rọ náà, háídírójìn àti ọ́síjìn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà. Tí ewé bá ya ọ̀lẹ tí wọ́n sì ń fi iná tì í, ooru á gba ibẹ̀, awọ á fà ya, gáàsì méjèèjì á pàdé, wọ́n á sì gbiná. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ orúkọ ọmọ yín. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ó kọ̀wé pé: “Tíṣà, ewé ti tún ya ọ̀lẹ lọ́dọ̀ mi. Ó ti di fóòtì méjì ààbọ̀. Bóyá kí n pa á ná? Doña Nelda àti àwọn apẹja ní ẹja wọn á bàjẹ́ tí yìnyín ò bá sí.” Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ibí ni mo ti fẹ́ sá fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n sọ pé “Pa á” ni gbogbo ohun tó kù. Ṣùgbọ́n tó bá pa á, wọ́n á tú u, tí wọ́n bá tú u, wọ́n á yẹ ewé wò. Mo jókòó ti tíì mi, mo tẹ̀ ẹ́ pé: “Má pa á. Gbé e sókè díẹ̀ sí i. Kí o sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ.” Mo tẹ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn náà. Ó wà lórí fóònù mi, mo ti so ó mọ́ ìwé yìí kí ẹ lè fojú yín rí i.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ní bíi aago mọ́kànlá àárọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan ránṣẹ́: “Tíṣà, aago ìkìlọ̀ ẹ̀rọ ń dún.” Mo pè é. Kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. Don Baldo gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, a gba ọ̀nà etí òkun, kùrukùru òkun tí à ń pè ní camanchaca bo gbogbo ilẹ̀ débi pé a kò rí iwájú ọkọ̀. Mi ò gbàdúrà fún un ní ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń rò ni pé tí ewé bá jóná, kò ní sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Don Baldo kò wò mí. Ó ní, “Tí ọmọ yẹn bá kú, mi ò ní bá yín dákẹ́ mọ́ o. Mo ti wo ògiri tó.” Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà.

Kò kú. Doña Nelda, olórí àwọn tó ni ilé yìnyín náà, sáré pàdé wa, ara rẹ̀ tutù láti òkè délẹ̀. “Mi ò rí iná kankan!” Ó ń pariwo rẹ̀ léraléra. “Ọmọ yẹn ní ká sá jáde, gbogbo wa tá a wà nínú ilé yìnyín, èèyàn mọ́kànlá. A sá. Òun wá padà lọ síbi páìpù, ó na ọwọ́, ó figbe ta. Mo ní iná mànàmáná ló gbé e. Àfi bí mo ṣe rí i tí awọ ọwọ́ ẹ̀ ń bó, láìsí nǹkan kan tó ń jó o! Tó bá jẹ́ èmi, mà bá ti yọwọ́. Kò yọ ọ́. Ó yí irin ẹnu páìpù yẹn títí gáàsì fi dáwọ́ dúró.” Iná háídírójìn kì í hàn lójú ní ọ̀sán. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Wọ́n ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ bùkẹ́ẹ̀tì omi yìnyín, ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Nígbà tó rí mi, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ó ní, “Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọwọ́ mi ti tún bà á jẹ́.” Ọ̀nà kejì tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Mo ní, “Má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sinmi.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ní ká mọ́, dókítà ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé yín gbé ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi. Mo rí àmì ìka kékeré yẹn nísàlẹ̀, òróró ìpara ọsibítù yí i ká. Mo ní kó jẹ́ kí n kà á dáadáa ná, mo sì ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí. Mi ò ní kí ẹ fojú àánú wò mí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé kò tọ́ sí mi, síbẹ̀ mo bẹ̀ yín. Don Baldo ti ní òun á wá sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá jókòó lẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé, ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti kọ́ yín mọ́: tí ọ̀gá yín bá ní ọwọ́ yín ni, ẹ kọ́kọ́ bi í pé wáyà wo ló wà nínú ìgò. Kó bínú. Kó lé yín jáde. Ẹ ṣáà bi í.

Èyí tó kù yìí, lónìí Àìkú ni mo fi kún un. Lánàá mo gbé ìwé yìí lọ sí ọsibítù, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sí Yasna létí, torí ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kọ́kọ́ mú un wá sọ́dọ̀ yín, màá wá ọ̀nà láti yọ díẹ̀ kúrò. Kò dá mi dúró. Mo kà á parí. Ó wá ní, “Ewé tèmi lọ́jọ́ àwọn àlejò yẹn. Èyí tí kò hó. Òun ló tọ̀nà?” Mo ní, “Òun ló tọ̀nà.” “Ẹ̀ẹ̀mẹfà tí mo kọ́kọ́ ṣe é ńkọ́?” Mo ní, “Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.” Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè, ó ń wò ó bó ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, “Ọwọ́ mi dára nígbà yẹn.” Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Tíṣà, mi ò tíì lè dá yín lóhùn ìyẹn. Ẹ dìde. Ẹ lọ bá mi gba ìka tí mo tẹ̀ síwèé yẹn padà ná.”

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ìka rẹ̀ ni mo wá gbà.